Irin Ẹsẹ̀ fún Ọmọ: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbà Á, Bí Ẹ Ṣe Máa Wọ̀ Ọ́ fún Un, àti Àṣìṣe Tó Yẹ Kí Ẹ Sá Fún

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá látọ̀dọ̀ àwọn òbí ní Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè ra irin ẹsẹ̀ fún ọmọ mi?” Ìdáhùn mi kì í sábà dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ kì í kàn rà á. Wọ́n máa ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ ni, wọ́n á wá ṣe é mọ́ ọn lára, bí télọ̀ ṣe ń wọn èèyàn kó tó gé aṣọ. Irin tí wọ́n bá rà láìwọn ẹsẹ̀ ọmọ lè bó o lára, ó lè ti orúnkún rẹ̀ sẹ́yìn, tàbí kó parí sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé irin kì í wo ẹsẹ̀ sàn. Oríkèé tí iṣan kò lágbára tó láti dì mú ni irin ń bá a dì mú, kí ọmọ lè dúró, kó sì lè gbé ẹsẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ nínú ilé ló sì máa ń pinnu bóyá ọmọ á gba irin náà tàbí á kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé ju ti ọsibítù lọ.

Ṣé àìlera yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni?

Bí ọmọ tó ń sáré lánàá bá jí láàárọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ jọ̀ọ̀, pàápàá tí ibà bá ti ṣáájú, ọ̀rọ̀ irin kọ́ nìyẹn. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ ṣàdédé rọ, àwọn elétò ìlera gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ (polio). Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa gbà, lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré tán, wákàtí 24 gbọ́dọ̀ wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì, ó sì yẹ kí wọ́n gba méjèèjì kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọmọ kiri ilé àdúrà àti ilé àgbo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jẹ́ kí àsìkò yẹn kọjá. Lóòótọ́, oṣù August ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó wà látilẹ̀wá. Ṣùgbọ́n irú kan tó yí padà láti ara àjẹsára ẹlẹ́nu ṣì máa ń jà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára tó.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì àdúgbò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ náà.

Ohun tó fa àìlera ló máa sọ irú irin tó yẹ

Ẹ má ṣe fi irin ọmọ ará ilé yín ṣe àwòkọ. Ẹsẹ̀ méjì lè jọra lójú, kí ohun tó ṣe wọ́n má jọra rárá.

- Abẹ́rẹ́ ìdí. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, tàbí tí oògùn bá dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ti àwọn ọmọ kan máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, irin kékeré tó mọ sí abẹ́ orúnkún ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, kí gìgísẹ̀ má bàa fà sókè kó sì gan síbẹ̀. (Bí ọmọ ọwọ́ yín bá máa gba abẹ́rẹ́, ẹ ní kí wọ́n gún un ní ẹ̀gbẹ́ itan.)
- Ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ibà pọ́njú ṣe gan-an ní ọmọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ irú ọmọ yìí sábà máa ń le ni, kì í rọ. Orí ọmọ ìka ló fi ń tẹlẹ̀. Irin àti ìdárayá ló máa jọ ń lọ.
- Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò tàbí kókó ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora rárá. Irin lè bó o títí dé eegun kó má sunkún. Ẹ̀yin òbí rẹ̀ ni kí ẹ ka abala awọ ara nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
- Ọmọkùnrin tó ti ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ó ń fi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ kó tó lè dìde nílẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Irin tó yẹ kó ran ẹlòmíì lọ́wọ́ lè dá irú ọmọ yìí dúró, torí náà alẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń ní kí ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ ọ́.
- Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ síta, tàbí orúnkún tó ń gbá ara wọn. Èyí kì í ṣe àìlera iṣan. Àìtó kálísíọ́ọ̀mù tàbí fítámì D ló sábà máa ń fà á lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ àti oògùn ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Irú irin tó wà

Kékeré ni onírọ́bà líle tó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, tó gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lọ sókè, tó sì parí sí abẹ́ orúnkún. Inú bàtà ló ń wọ̀. Àárín ni èyí tó gùn dé itan, tó ní oríkèé irin ní orúnkún. Èyí tó tún ní bẹ́líìtì ní ìbàdí ló tóbi jù, fún ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ náà kò lágbára.

Irin ayé àtijọ́ ṣì wà, ọ̀pá irin méjì tí wọ́n kàn mọ́ bàtà líle, tí wọ́n fi awọ dè. Ó wúwo, ṣùgbọ́n wọ́n lè fà á gùn bí ọmọ bá ń dàgbà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí ẹsẹ̀. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ tí wọ́n bá ní òun ló yẹ ọmọ yín.

Bí ẹ ṣe máa gbà á, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ní Iléṣà, Wesley Guild Hospital wà. Ní Ifẹ̀, OAUTHC, ìyẹn ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Abẹ́ àjọ kan náà ni méjèèjì wà, nítorí náà kò yẹ kí ará Iléṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ mọ́tò lọ Ifẹ̀ kó tó rí dókítà àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ klíníìkì kí ẹ tó gbé ọmọ jáde nílé.

2. Ẹ ní kí dókítà kọ ìwé sí físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Àwọn físíò ló máa dán iṣan kọ̀ọ̀kan wò, tí wọ́n á wo bí oríkèé ṣe ń ká àti bí ó ṣe ń nà, tí wọ́n á sì fi téèpù wọn gígùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ bàtà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

3. Bí orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ bá ti gan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ nà án. Wọ́n lè fi POP (báńdéèjì oníẹfun tí wọ́n fi ń di eegun tó kán) dì í, kí wọ́n máa pààrọ̀ POP náà, kí ẹsẹ̀ máa nà díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì, iṣẹ́ abẹ ló máa tú u. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń bínú níbí yìí pé wọ́n ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Ẹ fara dà á. Irin tí wọ́n bá fi ipá wọ̀ sí orúnkún tó gan, egbò ló máa dá sí i.

4. Ọjọ́ tí wọ́n máa wọn ẹsẹ̀. Fún onírọ́bà, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀ tín-ín-rín fún ọmọ, wọ́n á rẹ báńdéèjì POP sómi, wọ́n á fi yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Bí ó bá ti gan tán, wọ́n á gé e yọ, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n á sì fi ṣe irin. Kì í dun ọmọ, àmọ́ ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe ń gan, ẹ sọ fún un ṣáájú kí ẹ̀rù má bàa bà á. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹsẹ̀ má mira. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ta nígbà tí POP ń gan lọ́wọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ má tijú. Bí POP bá ṣe wọ́ ni irin náà ṣe máa wọ́.

5. Bí wọ́n bá darí yín sí National Orthopaedic Hospital ní Igbóbì, l'Ékòó, tàbí ibòmíì tó jìnnà, ẹ fóònù tàbí kí ẹ ní kí físíò bá yín bèèrè nǹkan mẹ́ta: ọjọ́ wo ni wọ́n ń wọn ẹsẹ̀, ìgbà mélòó ni ẹ máa lọ, àti iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ìrìn àjò méjì ó kéré tán ni, ọ̀kan láti wọn ẹsẹ̀, èkejì láti wọ̀ ọ́ wò.

6. Ẹ sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó po POP. Ẹ bèèrè bóyá bàtà wà nínú iye náà, bóyá àtúnṣe oṣù àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, àti bóyá ìṣedúró ìlera tí ẹ ní máa san lára rẹ̀. Bí agbára yín kò bá gbé e, ẹ má pòórá. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì sósà wẹ́fíà inú ọsibítù (àwọn tó ń ran aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́), kí ẹ sì mú ìwé físíò dání.

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí dání:

- káàdì ọsibítù àti káàdì àjẹsára
- bàtà tó ń wọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ (ibi tó ti jẹ ní ìsàlẹ̀ ń sọ púpọ̀ fún físíò)
- ṣòkòtò péńpé
- fídíò kúkúrú lórí fóònù, níbi tí ọmọ ti ń rìn tàbí tó ń rá nílé
- oúnjẹ, omi, àti ohun ìṣeré tó fẹ́ràn

Fídíò yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í gbẹ́sẹ̀ rárá bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gbà á

Ẹ má gba irin sínú ọ̀rá kí ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ lójú yín, kí ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́ fún un lójú wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

- Gìgísẹ̀ jókòó pátápátá sí ìsàlẹ̀, kò léfòó.
- Etí òkè onírọ́bà kúrú díẹ̀ sí kókó eegun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún, nǹkan bí ìka méjì. Iṣan ìmọ̀lára kan wà lẹ́yìn kókó yẹn tí kò fẹ́ kí ohunkóhun tẹ òun.
- Fún irin gígùn, oríkèé irin àti oríkèé orúnkún ọmọ wà ní ipele kan náà. Bí ọmọ bá jókòó tí irin sì ń yọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀ lórí itan, wọn ò bára mu.
- Etí òkè kò gún un ní abẹ́ itan bí ó bá dúró.
- Òrùka méjèèjì tó ń ti orúnkún ń bọ́ sílẹ̀ dáadáa fúnra wọn, ẹ sì lè fi ìka gbé wọn sókè láìjà.

Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, kó rìn díẹ̀, kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ jọ wo awọ ara rẹ̀. Bí ibì kan bá ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fi iná yọ́ ọ tàbí kí wọ́n rẹ́ ẹ. Ìyẹn sàn ju kí ẹ tún máa padà wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá àgbà sábà máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í yí padà. “Dókítà mi, irin yìí ò ha wúwo jù fún ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín báyìí?” Mo fẹ́ràn bí físíò kan ṣe dá ọ̀kan nínú wọn lóhùn: “Kò wúwo jù, mà. Ẹ wò ó, Mọ̀mọ́, ilẹ̀ ló ń gbé irin yẹn, ẹsẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.” Ọmọ náà dúró, ó di etí tábìlì mú, Mọ̀mọ́ sì dákẹ́.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́ fún un láràárọ̀

1. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà yí ká kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí egbò bá wà, kò sí irin lónìí.
2. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú tó ga ju irin lọ fún un. Ẹ fà á kó jọ̀lọ̀. Ìdìpọ̀ ìbọ̀sẹ̀ kékeré lábẹ́ gìgísẹ̀ tó láti dá egbò sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.
3. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó ká orúnkún. Bí orúnkún bá nà, gìgísẹ̀ kì í fẹ́ wọlé.
4. Ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dénú irin.
5. Okùn ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dì. Òun ló ń mú gìgísẹ̀ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, gìgísẹ̀ á ti yọ́ sókè kó tó dé ìsàlẹ̀.
6. Lẹ́yìn náà, ẹ di èyí tó kù. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn pẹ̀lú ipá díẹ̀.
7. Ẹ wọ bàtà lé e. Irin onírọ́bà láìsí bàtà lórí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì tó jọ̀lọ̀, ìṣubú ni.
8. Fún irin gígùn: ẹ jẹ́ kó dìde kí orúnkún nà tán, kí òrùka méjèèjì bọ́ sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan méjèèjì. Bí ọ̀kan bá tì tí èkejì kò tì, irin á lọ́.

Kó tó jókòó, òrùka méjèèjì gbọ́dọ̀ ti wà lókè. Ẹ kọ́ ọ láti máa ṣe é fúnra rẹ̀ ní kété tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lè ṣe é. Nínú kòrópe tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ti máa ń dùn mí jù, tí ọmọ na ẹsẹ̀ gbọọrọ sára ẹni tó wà níwájú nítorí kò sẹ́ni tó rántí tú òrùka.

Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó pọn ọmọ. Irin ń gún ẹni tó pọn ọn ní ìhà, ó sì ń fa ìbàdí ọmọ níbi tí kò yẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ẹ má fi gbogbo ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí físíò yín bá ti fún yín ní ètò, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá sọ ohun kan pàtó, ètò tó wọ́pọ̀ nìyí:

- Ọjọ́ kìíní àti ìkejì: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ bọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo awọ ara.
- Láti ọjọ́ kẹta: ẹ máa fi nǹkan bí wákàtí kan kún un lójoojúmọ́, bí awọ ara bá gbà.
- Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì: ọ̀pọ̀ ọmọ á ti máa wọ̀ ọ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́.

Ọmọ máa sunkún. Ẹ fetí sí irú ẹkún náà. Ẹkún “mi ò fẹ́” máa ń dákẹ́ bí bọ́ọ̀lù bá dé tàbí bí wọ́n bá gbé mọ́ínmọ́ín jáde. Ẹkún tó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń rìn, tó sì ń na ọwọ́ sí ojú kan ṣoṣo, ẹ bọ́ irin, ẹ wo ibẹ̀.

Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nígbà tí nǹkan tó fẹ́ràn fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ má lò ó fún ìyà. “Bí o bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, màá wọ irin fún ẹ” ti ba irin ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́.

Awọ ara: ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ìmẹ́lẹ́

Wọ́n máa sọ fún yín pé kí ẹ máa wo ibi tó bá pọ́n. Lára ọmọ tó dúdú dáadáa, ibẹ̀ kì í pọ́n. Ó lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè máa dán, ó lè le. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án. Ibi tó bá gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, irin ń tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ojú tó yẹ kí ẹ máa wò: gìgísẹ̀, kókósẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ níbi ìka kékeré, kókó ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún, àti abẹ́ itan. Ẹ lo iná tọ́ọ̀ṣì fóònù lálẹ́.

- Àmì tó pòórá láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ: kò burú.
- Àmì tó ṣì wà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ẹ dín wákàtí kù, kí ẹ wo ìbọ̀sẹ̀ àti okùn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sí físíò.
- Ìléròrò tàbí ibi tó bó: ẹ bọ́ irin pátápátá títí á fi jinná, kí ẹ sì gbé irin náà lọ fún àtúnṣe. Bí ẹ bá wo egbò sàn láìtún irin ṣe, egbò yẹn á padà.

Ẹ má fi báńdéèjì tàbí òwú dí ibi tó ń tẹ̀ ẹ́. Àyè tó há ni ẹ tún mú há sí i yẹn. Ẹ má sì pa òrí tàbí Vaseline sí ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọ irin. Ó ń mú kí awọ rọ̀, kó sì tètè bó. Alẹ́ ni kí ẹ fi pa á.

Bàtà

Irin ni kí ẹ mú dání lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà tàbí ibi yòówù kí ẹ ti fẹ́ rà á. Ẹ má fi ojú wọn ọ́n.

Bàtà tó máa gba irin onírọ́bà sábà máa ń fi sáìsì kan ju ti ẹsẹ̀ lásán lọ. Ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jìnnà síwájú, tí ó ní okùn tàbí alẹ̀mọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ̀. Ẹ yọ fóòmù inú rẹ̀ kí àyè lè wà. Ẹsẹ̀ kejì tí kò wọ irin á wá tú sínú bàtà tirẹ̀. Fóòmù tí ẹ yọ yẹn ni kí ẹ fi kún un. Gíga gìgísẹ̀ bàtà kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń ṣe irin náà, torí pé bí gìgísẹ̀ bá ga jù, ó ń ti orúnkún síwájú.

Sílípáàsì kì í ṣe bàtà irin.

Ohun tó bàjẹ́: ta ni kí ẹ gbé e fún?

Ṣùmékà tó mọṣẹ́ lè ṣe é:
- okùn alẹ̀mọ́ tí kò lẹ̀ mọ́
- bọ́kùlù tàbí awọ tó já
- ìsàlẹ̀ bàtà tó jẹ, tàbí ẹsẹ̀ tó kúrú tí físíò ti kọ iye tó yẹ kí wọ́n fi gbé bàtà rẹ̀ ga

Ẹ má gbé ìwọ̀nyí fún wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì:
- ọ̀pá irin tó tẹ̀ tàbí tó kán
- oríkèé orúnkún tàbí òrùka rẹ̀
- onírọ́bà tó ya

Wẹ́dà á jó o pọ̀, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó jó kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ó lè kán lójijì nígbà tí ọmọ bá gbé gbogbo ara lé e, oríkèé méjèèjì kò sì ní wà ní ipele kan náà mọ́. Ẹ má sì fi iná sítóòfù tẹ onírọ́bà fúnra yín.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ rọrùn. Aṣọ tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nu inú onírọ́bà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi òjìji. Ẹ má sá a sí oòrùn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n ti pa lọ́sàn-án. Ooru ń mú un wọ́. Oríkèé irin fẹ́ ẹ̀kán òróró màṣíìnì ìránṣọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Epo pupa àti òróró ìdáná ń lẹ̀, wọ́n sì ń kó iyanrìn jọ. Bí òjò bá pa awọ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ má yá a níná. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún kó má bàa là.

Bí owó irin kò bá tíì pé

Ẹ má jókòó tẹtẹrẹ. Ẹsẹ̀ tó ń dúró dè irin lè gan kí irin tó dé.

- Ẹ máa na ẹsẹ̀ náà bí físíò ṣe kọ́ yín, ojoojúmọ́. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù.
- Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fi POP ṣe ìdìmú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó ṣeé bọ́, tí ọmọ á máa wọ̀ sùn.
- Ẹ ri ọparun méjì mọ́lẹ̀ lágbàlá bí irin ọwọ́ àtẹ̀gùn, kó ga dé ìbàdí ọmọ, kí àárín wọn fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ ha ojú ọparun náà kó má gún un lọ́wọ́. Àárín wọn ni á ti máa dúró, tí á sì máa kọ́ ìrìn. Bí irin bá dé, ibẹ̀ náà ni á ti kọ́ ọ.
- Irin tí ọmọ míì ti lò: ẹ gbà á bí wọ́n bá fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ físíò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kó tó kan ẹsẹ̀ ọmọ. Irin elọ́pàá àti awọ ṣeé tún ṣe fún ẹlòmíì nígbà míì. Onírọ́bà kì í sábà ṣeé ṣe, torí àwòrán ẹsẹ̀ ẹnì kan ni.

Ilé ìwé

Ẹ lọ rí tíṣà fúnra yín kí ọmọ tó wọ irin lọ. Ẹ fi òrùka hàn án, bí wọ́n ṣe ń tì í àti bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ bèèrè kíláàsì ìsàlẹ̀ bí ilé ìwé bá ní òkè, àti àga etí ọ̀nà. Ẹ wo ṣáláńgá wọn: bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń lóṣòó sí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, tàbí kí ẹ wá póò oníke. Àwọn ọmọ kíláàsì á fẹ́ fọwọ́ kan irin náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan, ó máa ń sú wọn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ padà lọ

Ọmọ ń dàgbà, irin kì í dàgbà. Ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́fà bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá, ẹ sì mọ̀ pé onírọ́bà ọmọ kékeré lè má tó o mọ́ láàárín ọdún kan. Ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò bí:

- ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ti yọ kọjá etí irin
- oríkèé irin bá ti wà nísàlẹ̀ oríkèé orúnkún
- àmì tuntun bá yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀
- ọmọ tó ti ń rìn dáadáa bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú
- ẹsẹ̀ bá wú, tó tutù, tàbí tí ọmọ ìka yí àwọ̀ padà nínú irin: èyí kò dúró di ọ̀la, ẹ bọ́ irin lójú ẹsẹ̀, bí kò bá sì padà sípò kíákíá, ọsibítù ni.

Bí ẹ bá ń lọ fún tuntun, ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Ibi tó ti jẹ àti ibi tó ti tẹ̀ ló máa sọ fún ẹni tó ń ṣe é bí wọ́n ṣe máa ṣe èyí tó kàn.